Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbá Ṣọ́ọ̀bù Múrí Mọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti kọ́kọ́ rọ̀, mo sì fẹ́ bù ú fún yín kó tó tutù. Èmi àti ọmọ ọmọ mi ló ṣẹlẹ̀ sí, níbí ní Sókótó, ní àdúgbò Mabera.

Ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ̀wé o! Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti kọ́ ọ, n kò sì pẹ́ níbẹ̀. Obì ni mo ń tà láti ìgbà tí ọkọ mi ti mú mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá Ganíyù ni wọ́n ń pè mí. Ganíyù wà nílé lọ́hùn-ún, àmọ́ ọmọ rẹ̀, Mùrítàlá, tí gbogbo wa ń pè ní Múrí, ọ̀dọ̀ mi ló dàgbà sí.

Múrí ti di géńdé, ó ti ń fá irùngbọ̀n. Fáànù ló ń tún ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Sókótó rí, ẹ mọ ohun tí fáànù jẹ́ níbí lásìkò ooru. Ta ni fáànù rẹ̀ máa bàjẹ́ nínú oṣù kẹrin tó máa rí oorun sùn?

Orí ọmọ yìí kì í ṣiṣẹ́ bíi tàwa yòókù. Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe dìndìnrìn. Bí ariwo bá pọ̀, á fọwọ́ di etí. Bí èèyàn méjì bá ń bá a sọ̀rọ̀ pọ̀, á dákẹ́ fún àwọn méjèèjì. Bí o bá tẹjú mọ́ ọn kí o tó bi í ní nǹkan, ìdáhùn á sá lọ. Àmọ́ gbé fáànù tó ti kú fún un, kí o sì fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Á gbàgbé oúnjẹ, á gbàgbé oòrùn, àfi ìgbà tí fáànù bá tó fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú.

Àgùnbánirọ̀ kan tó háyà yàrá ládùúgbò wa sọ fún mi pé irú orí bẹ́ẹ̀ ní orúkọ lédè òyìnbó. Ó pe orúkọ náà fún mi, ó gùn bí ojú irin! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wá bi í bóyá orúkọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ parí fáànù oníbàárà kó tó gba òmíràn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá. Mo ní kò burú, kí á máa wá a lọ.

Tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù Múrí, ẹ ó ní ìjì ló jà níbẹ̀. Fáànù lára ògiri, fáànù nílẹ̀, orí fáànù tí kò ní ọrùn, ọrùn tí kò ní orí. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi fi pẹ́ kí n tó mọ̀ ni pé kò sí èyí tó wà níbẹ̀ lásán. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wáyà ló ń dúró dè. Èyí tó kọjú sí ògiri, ó ti parí, olówó rẹ̀ ni kò tíì wá. Èyí tó fẹ̀yìn lélẹ̀, búṣì tí ọ̀pá rẹ̀ ń yí nínú rẹ̀ ló ń dún. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró kí iná dé kí wọ́n dán an wò. Ibi tí fáànù wà ni Múrí fi ń mọ ẹni tó ni ín àti ohun tó ń ṣe é. Ohun tí ojú rẹ̀ kò bá sì rí mọ́, ó ti kúrò láyé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti àbẹ̀wò.

Ẹgbẹ́ àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní Sókótó ní ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù kan tí àwọn bàbá wa rà nígbà kan. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá dúró ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Tó bá wá di ìdajì ọdún, tí ooru fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn àgbà á máa ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n á jókòó sórí ẹní, ẹni tó ni iṣẹ́ á dúró níwájú wọn, á sì ròyìn bí nǹkan ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ohun tó dáa ni o! Ọ̀pọ̀ ọmọ ni àbẹ̀wò ti fà jáde nínú kòtò kó tó jìn.

Lọ́dún tó kọjá, ó kan Múrí. Ó dúró. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Wọ́n ní kó máa wí. Ó ní, "Fáànù."

Wọ́n dúró dè é.

Ó tún ní, "Fáànù ni."

Ó parí! Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ Alhaji Búṣàrí tó ń ta táyà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bó bá di àmọ́dún tí ọmọ yìí kò bá lè sọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ dé, kí ó kó jáde. Kí ó lọ máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan ní Arkilla, kí ẹlòmíràn wọ ṣọ́ọ̀bù náà.

Lábẹ́ ọ̀gá kẹ̀! Ó ti wà lábẹ́ ọ̀gá méjì rí. Èyí àkọ́kọ́ ń pariwo, rédíò rẹ̀ náà ń pariwo. Múrí sá wálé. Lọ́dọ̀ ìkejì, ẹsẹ̀ ló fi rìn kúrò níbẹ̀ nínú oòrùn, a wá a títí a ò rí i. Awakọ̀ kan ló rí i lójú ọ̀nà tó jáde kúrò nílùú, tó ń rìn lọ láìmọ ibi tó ń lọ, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ṣé ẹ wá rí ohun tó ń bà mí lẹ́rù? Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù nìkan. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, n kò mọ ibi tí ọmọ mi máa rìn dé lọ́tẹ̀ yìí.

Bí ọjọ́ àbẹ̀wò ti ọdún yìí ṣe ń súnmọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ń ka ọjọ́. Múrí kò jẹun dáadáa mọ́. Á mú wáyà tín-ín-rín kan, á máa fi àtàǹpàkò ra á síwá, ra á sẹ́yìn. Fóònù rẹ̀ á dún, á pa á.

Mo ní kí a gbìyànjú rẹ̀ wò. Mo jókòó bí Alhaji, mo tiẹ̀ da ìborùn mi lé èjìká bí agbádá, mo ní kí ó ròyìn fún mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró síbẹ̀, wáyà rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Tí mo bá la ẹnu, gbogbo wọn ló máa fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bí ewúrẹ́ tí wọ́n ṣí ọgbà fún."

Mo ní kó lọ sinmi. Èmi náà wọ yàrá mi lọ, mo mú abẹ̀bẹ̀ mi. Mo ti fẹ́ gbàgbé: fáànù tèmi gan-an ti bàjẹ́ láti ìgbà ọyẹ́, mo ti gbé e fún un. Abẹ̀bẹ̀ ni mo fi la ooru ọdún yìí já! Tí mo bá bi í, á ní, "Ó wà níbẹ̀, Màmá." Mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ta ló ń fi fáànù da ẹni tí ẹ̀rù ń bà láàmú?

Ọjọ́ pé. Láàárọ̀, Múrí ní òun fẹ́ lọ ra wáyà ní Sama Road, òun kò ní pẹ́. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ rìn kí ẹ̀rù rẹ̀ rọlẹ̀ ni. Mo ní kó máa lọ, àwọn àgbà kì í dé kí wọ́n tó kírun ọ̀sán. Èmi jókòó síwájú obì mi, mo ń ṣí ewé, mo ń ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀.

Ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ mi, Ìyá Ràṣídá, dé. Ọṣẹ ló ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbófo, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ó yọjú sínú ṣọ́ọ̀bù Múrí, ó pariwo.

"Haba! Ìyá Ganíyù! Inú ààtàn yìí lẹ fẹ́ kí àwọn àgbà wá jókòó sí?"

Mo ní bí Múrí ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ó ní, "Múrí ń fẹ́ ẹ! Ṣé kì í ṣe Múrí náà ni Alhaji Búṣàrí máa bá wí tí eruku bá lẹ̀ mọ́ agbádá rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n ran ọmọ mi lọ́wọ́ jàre."

Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, níbo ni wọ́n ti bí wa tí wọ́n ti ń gba àlejò sínú ilé tí wọn kò gbá? Oníbàárà Hausa kan wá bá mi ra obì lásìkò yẹn, a ń ná an, a ń ná an. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, mo ti ń gbọ́ ìgbálẹ̀. Mo ní kó rọra o. Ó ní òun ń rọra.

Ìgbà tó pè mí pé kí n wá wò ó, háà! Ṣọ́ọ̀bù ń dán. Ó ti to àwọn fáànù ńlá sápá kan, àwọn kéékèèké sápá kejì, ó ti kó gbogbo orí àti apá tó wà nílẹ̀ sínú àpótí, ó pa á dé, ó tẹ́ ẹní sí àárín. Ẹ gbọ́ mi o, inú mi dùn! Mo ní Ọlọ́run á san án fún un. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni, ó ń nu òógùn, tí Múrí fi yọ.

Ó fẹsẹ̀ kan wọlé. Ó dúró. Ojú rẹ̀ ń lọ láti ògiri dé ilẹ̀, láti ilẹ̀ dé ògiri, bí ẹni tó wọ ilé onílé. Wáyà tó rà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n ti kó wọn lọ."

Ìyá Ràṣídá ní, "Ta ló kó kí ni? Wọn rèé! Gbogbo wọn rèé!"

Kò gbọ́ ọ. Ó yípadà, ó lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ní àlàfo tóóró tó wà láàárín ògiri méjì. Ó lóṣòó síbẹ̀, ó fọwọ́ di etí, ó ń fi ẹ̀yìn orí gbá ògiri jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́.

Ìgbà náà ló yé mi. Yéè! Kì í ṣe ìdọ̀tí ni Ìyá Ràṣídá gbá. Iṣẹ́ ìdajì ọdún ni, àtorí àtìdí. Fáànù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ni wọ́n? Kí ló ń ṣe wọ́n? Ibi tí ìdáhùn wà ni wọ́n ti gbá mọ́ yẹn.

Mo ṣì wà lórí ìdúró tí mo gbọ́ kíkí sálámù lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àgbà ti dé.

Alhaji Sàlámì, olórí ẹgbẹ́ wa, ló ṣíwájú, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Alhaji Búṣàrí tẹ̀ lé e, aṣọ rẹ̀ funfun báláú, sítáàṣì ti jẹ́ kó le. Àwọn méjì mìíràn wà lẹ́yìn. Wọ́n yin ṣọ́ọ̀bù náà pé ó mọ́. Wọ́n jókòó. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì.

Alhaji Búṣàrí ní, "Múrí ọkọ ìyàwó òní dà?"

Ìyá Ràṣídá bú sẹ́kún. Òun tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́! Ó ń wí pé òun lòun ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, kí wọ́n má bínú, kí wọ́n jọ̀ọ́. Alhaji Búṣàrí ní òun kò mọ ohun tí ìgbálẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú ẹnu. Ó ní ṣé ìgbálẹ̀ ló di ẹnu Múrí lọ́dún tó kọjá náà? Ọ̀rọ̀ náà sì jọ òótọ́.

N kò sáré. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀. Mo bu omi fún wọn, mo gbé obì síwájú wọn, mo sì gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ.

N kò sọ̀rọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ sítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, n kò sì wo ojú rẹ̀. Mo ń rò ó pé kí ni mo lè ṣe? Mo wá rántí ìgbà tó wà ní kékeré. Ọmọ tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, bí mo bá ti da obì síwájú rẹ̀ pé kó bá mi ṣà á, tí ojú àwa méjèèjì wà lára obì, ọ̀rọ̀ á máa jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Tí mo bá gbójú sókè wò ó báyìí, ó dáwọ́ dúró nìyẹn.

Mo dìde, mo wọlé, mo gbé fáànù kékeré kan tó wà nítòsí ilẹ̀kùn. Mo gbé e lọ bá a, mo gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Mo ní, "Múrí, níbo ni eléyìí wà tẹ́lẹ̀?"

Ó pẹ́. Orí rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ó fọwọ́ kan fáànù náà.

Ó ní, "Kì í ṣe ilẹ̀ ló ń gbé. Lára ògiri, lókè tábìlì. Ti obìnrin tó ń dín àkàrà kósé ni. Èéfín òróró ló wọ inú rẹ̀."

Mo ní, "Wá bá mi gbé e kọ́ síbẹ̀, apá mi kò tó o."

Ó dìde. A wọlé. Nígbà tí mo wọlé gbé fáànù yẹn ni mo ti sọ fún Alhaji Sàlámì pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má wò ó lójú, kí wọ́n má sì ní kó dúró. Mo ní tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn iṣẹ́ ọmọ yìí, kí wọ́n dìde kí wọ́n bá a gbé ẹrù.

Mo gbọ́ tí obì ń rún lẹ́nu ẹnìkan.

Alhaji Sàlámì ló kọ́kọ́ dìde. Ó ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sókè, ó gbé fáànù onídùúró kan, ó ní, "Múrí, eléyìí ńkọ́?"

Múrí kò wẹ̀yìn. Ó ń kọ́ fáànù oníkósé. Ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, Bàbá. Ti málàmù tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú níwájú mọ́sálásí ni. Wáyà inú rẹ̀ jó, òun ni mo lọ ra tirẹ̀ láàárọ̀."

Àgbà kejì gbé tirẹ̀. Ẹ̀kẹta gbé tirẹ̀. Ìyá Ràṣídá ṣí àpótí, ó ń nu ojú, ó ń kó orí fáànù jáde pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun. Múrí ń dáhùn, Múrí ń dáhùn! Eléyìí ti jáde lẹ́ẹ̀kan rí, ó tún padà. Eléyìí, ẹni tó ni ín ti kó lọ sí Kébbì. Eléyìí, òun kọ́ ló bà á jẹ́, ẹni tó kọ́kọ́ tún un ṣe ló ba bóòtù tí wọ́n fi dè é jẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ìdajì ọdún ló rò fún wọn, láìmọ̀ pé ìròyìn lòun ń rò.

Alhaji Búṣàrí nìkan ló ṣì jókòó. Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó gbé ọ̀kan tí òróró wà lára rẹ̀, òróró náà sì kan aṣọ funfun yẹn. Mo ní ó tán! Ó wo aṣọ, ó wo fáànù.

Ó ní, "Èmi ńkọ́? Níbo lẹ fẹ́ kí lébìrà gbé tiẹ̀ sí?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Múrí náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Àmọ́ n kò ní purọ́ fún yín, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn. Bí fáànù ṣe ń padà síbi rẹ̀, ìṣòro náà ń hàn. Èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ le, Múrí ti ṣe é. Èyí tó rọrùn ló ń kọ́ lára ògiri láti ìgbà ọyẹ́, nítorí kò dùn ún ṣe. Bí oníbàárà bá sì ti gbé tuntun dé, á gbà á, kò lè sọ pé rárá. Alhaji Búṣàrí kò gbójú fo èyí. Ó bi í, ó sì ń wo ògiri bó ṣe ń bi í, pé kí ló dé tí kò fi sọ fún èèyàn pé iṣẹ́ ti kún.

Múrí ní, "Wọ́n máa ń wò mí lójú."

Alhaji Búṣàrí mi orí.

Ó ku fáànù kan nílẹ̀. Fáànù orí tábìlì ni, aláwọ̀ ewé, eruku ti bò ó. Alhaji Sàlámì gbé e. Ó ní ta ló ni eléyìí?

Múrí fi àtàǹpàkò nu eruku kúrò lára rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Mo ní ṣé ó ti gbàgbé ni?

Ó ní, "Ti Màmá ni."

Ó ní, "Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́. Màmá kì í pariwo mọ́ mi, ló fi jẹ́ pé òun ló kẹ́yìn."

Ẹ wo Ìyá Ràṣídá! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní ìyẹn ni pé èmi tí mo fi abẹ̀bẹ̀ la ooru já, mo ní atún-fáànù-ṣe nílé! Alhaji Búṣàrí ní kí n gba kádàrá, ó ní ilé alágbẹ̀dẹ kì í ní ọ̀bẹ tó mú.

Wọn kò gba ṣọ́ọ̀bù. Alhaji Sàlámì ló sọ ọ́, jẹ́jẹ́, lórí ìdúró, kí wọ́n tó lọ. Ó ní Múrí kò ní dúró níwájú ẹnikẹ́ni mọ́. Bí oṣù bá ti yọ, àgbà kan ṣoṣo ló máa wá, tí òun àti Múrí á jọ máa tú fáànù tàbí kó wọn síbi wọn, kí wọ́n má dúró de ìdajì ọdún. Èmi náà dá ìmọ̀ràn tèmi: kí a kan ìwọ̀nba ìṣó mọ́ ògiri fún fáànù. Tí ìṣó bá ti kún, ṣọ́ọ̀bù ti kún nìyẹn, kí Múrí kàn nawọ́ sí ògiri fún oníbàárà. Kò ní láti sọ pé rárá, ògiri á bá a sọ ọ́. Alhaji Búṣàrí ní òun lòun máa kọ́kọ́ wá, òun á sì wọ aṣọ tó ti gbó.

Ó wá o! Ó jókòó sórí táyà tó gbé wá, ó ń fi èékánná ha ìpẹtà kúrò lára bóòtù, ó ń bi í ní ìbéèrè láìgbójú sókè. Mo gbọ́ ohùn Múrí láti ìdí obì mi.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí, obì ló sì kọ́ mi. Obì tí a kò bá yẹ̀ wò, kòkòrò á jẹ ẹ́ tán nínú ewé. Àbẹ̀wò dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá torí pé òun fẹ́ yẹ obì wò, tó wá dà á sínú oòrùn, òun gan-an ló bà á jẹ́. Ẹ yẹ ọmọ yín wò, ẹ yẹ ẹni tó ń dá iṣẹ́ ṣe wò, kó tó pẹ́ jù. Àmọ́ ẹ bá a nídìí ewé rẹ̀ ni. Ẹ má sì tún ṣọ́ọ̀bù ẹni tí kò sí nílé ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ni!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ní irú Múrí nílé, tàbí ẹ̀yin gan-an ni Múrí? Báwo ni wọ́n ṣe ń bi yín ní ìbéèrè tí ìdáhùn fi ń jáde? Ẹ kọ ọ́ sí mi, ọmọ kan á bá mi kà á bó bá gùn. N kò lọ síbì kan, mo wà nídìí obì.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa báyìí, ooru ti rọlẹ̀. Fáànù mi aláwọ̀ ewé ti bọ́ sórí ìṣó àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo kọjá níbẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo kàn wò ó ni, n kò wí nǹkan kan. Múrí ní, "Òun ló kàn, Màmá."

Abẹ̀bẹ̀ mi ṣì wà lọ́wọ́ mi.